ÀWỌN TÍ Ó DÚRÓ NÍ Ọ̀DẸ̀DẸ̀: ÌTÀN FỌ́TÒ ỌJỌ́ ÌPÌLẸ̀ ILÉ ÌSÌN WA

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí a tún kọ ìtàn ìjọ wa sínú ìwé ìrántí yìí, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe nígbà mélòó kan sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìtàn bí ìhìnrere ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, àti orúkọ àwọn katikíìsì àti àwọn àlùfáà tí ó ti ṣiṣẹ́ níbí, ti wà nínú àwọn ìwé ìrántí ìṣáájú. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á níbẹ̀. Ohun kan ni ó kù tí a jẹ ìjọ ní gbèsè rẹ̀, òun ni a ó sì kọ nísinsin yìí.

Kò sí ẹni tí ó ti wọ fẹ́sìtìrì wa rí tí kò mọ fọ́tò ọjọ́ ìpìlẹ̀. Ara ògiri tí ó kọjú sí ẹnu-ọ̀nà ni ó wà láti ìgbà tí àwa tí a ń kọ ìwé yìí ti jẹ́ ọmọdé tí ń ru ìwé orin tẹ̀lé katikíìsì ìgbà náà. Nínú rẹ̀ ni a ti ń rí àwọn baba wa mọ́kànlá tí wọ́n dúró yí ìpìlẹ̀ ká ní ọ̀sán gangan, àwọn kan nínú aṣọ funfun, àwọn kan nínú agbádá, ọ̀kan nínú wọn mú okùn ìwọ̀n lọ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni ilé àdúrà àkọ́kọ́ wà, ilé alámọ̀ tí a fi koríko bò, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì dúdú bí inú ìkòkò aró.

Nígbà tí a ń ṣe àjọ̀dún ọdún 75, àwa ni ìgbìmọ̀ yàn láti kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ fọ́tò náà. A kọ orúkọ àwọn baba mọ́kànlá, láti ọwọ́ òsì dé ọwọ́ ọ̀tún, a sì parí rẹ̀ báyìí pé: "Àwọn wọ̀nyí ni ó fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀." Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, yèyé àgbà kan nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá dúró dè wá lẹ́yìn ìsìn, ìwé ìrántí wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Katikíìsì, níbo ni ẹ fi àwọn ìyá wa sí?"

A dáhùn pé, "Yèyé, fọ́tò náà kò fi obìnrin kankan hàn wá."

Ó ní, "Wọ́n wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi wà níbẹ̀, ó gbé ìkòkò omi kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún mi. Àwọn ni ó pọn omi tí a fi po amọ̀ náà."

A rẹ́rìn-ín músẹ́, a sì wí fún un pé ìtàn kò gbọdọ̀ dúró lórí ohun tí ojú kò rí. Yèyé kò bá wa jiyàn. Ó ká ìwé rẹ̀, ó sì lọ sílé. Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ọjọ́ náà ni ó ń dùn wá títí di òní, nítorí òun tí kò jókòó ní ilé-ẹ̀kọ́ rí ni ó mọ òtítọ́, àwa tí a fi ìtàn ṣe iṣẹ́ ni a kò mọ̀ ọ́n.

Yèyé ti sùn nínú Olúwa kí a tó rí gíláàsì náà. Nígbà tí a ń palẹ̀ àpótí fẹ́sìtìrì mọ́ fún àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, lábẹ́ àwọn ìwé ìbatisí àtijọ́ tí ìkán ti jẹ etí wọn, a bá agolo bisikíìtì kan tí ó ti dípẹtà. Inú rẹ̀ ni a ti rí gíláàsì pẹlẹbẹ kan, tí a fi ìwé dì, igun kan rẹ̀ ti fọ́. Nígbà tí a gbé e sókè sí ojú fèrèsé, a rí àwọn baba wa mọ́kànlá nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ wọn dúdú, ojú wọn sì mọ́ bí ojú ẹni tí a fi ẹfun kùn. Nẹ́gátíìfù fọ́tò ara ògiri ni.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ ṣàlàyé ohun tí nẹ́gátíìfù jẹ́, nítorí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń fi fóònù ya fọ́tò kò mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn àgbà ayafọ́tò a máa lo gíláàsì, lẹ́yìn náà fíìmù, tí a ti fi ohun kan bí oje kùn lójú. Nínú oje náà ni ìyẹ̀fun fàdákà wà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn lára rẹ̀, nígbà tí a bá fi oògùn fọ̀ ọ́, ibẹ̀ yóò di dúdú; ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò bá dé yóò mọ́ gaara. Àwọn ìyá wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ irú iṣẹ́ yìí dáradára. Ibi tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ bò, aró kì í mú un. Ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ ní gbangba ni aró ń mu. Lórí gíláàsì, ìmọ́lẹ̀ ni aró. Nítorí náà aṣọ funfun àwọn baba wa, tí oòrùn ń lù, ni ó ki tí ó sì dúdú jù lórí nẹ́gátíìfù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn sì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀.

A ní "ó fẹ́lẹ́"; a kò ní "ó ṣófo". Láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni gbogbo ìtàn wa wà. Ẹni tí ó bá ti ṣe aró rí mọ̀ pé aṣọ tí a rì sínú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò funfun mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó dúró lókèèrè yóò pè é ní funfun.

Kí ni ó mú kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀? Ayafọ́tò kò ṣe é ní àmọ̀ọ́mọ̀ṣe. Oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ Èkìtì le. Aṣọ funfun a máa tan ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Bí ayafọ́tò bá sì jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣí pẹ́ títí tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò fi hàn, aṣọ àwọn baba yóò di àbàwọ́n kan ṣoṣo tí kò ní ìṣẹ́po. Ó ní láti yan ọ̀kan. Àwọn tí ó pè é wá ni ó yàn.

Ìdí kejì wà tí àwọn púpọ̀ kò mọ̀. Àwọn gíláàsì àtijọ́ kò rí àwọ̀ pupa. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run nìkan ni wọ́n ń rí dáradára. Ní 1873 ni ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Jámánì, Hermann Vogel, rí i pé bí a bá fi àwọn aró kan sínú oje náà, yóò rí àwọ̀ ewé pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ó di nǹkan bí 1906 kí ilé-iṣẹ́ Wratten and Wainwright ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó máa ta gíláàsì tí ó rí gbogbo àwọ̀, pupa pẹ̀lú. Lẹ́yìn èyí pàápàá, irú ti àtijọ́ kò kúrò lọ́wọ́ àwọn ayafọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ rò ó wò báyìí: amọ̀ ilẹ̀ wa pupa, ògiri ilé àdúrà pupa, osùn pupa, pupa sì wà púpọ̀ nínú àwọ̀ ara ènìyàn dúdú. Lójú gíláàsì bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn di òkùnkùn. Ògiri tí ó mọ́ rokoṣo ní ojú àwọn tí ó wà níbẹ̀ di ògiri dúdú, ojú ènìyàn tí ó dúró ní iwájú rẹ̀ sì wọ inú rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni ti ìwé fọ́tò. Ìwé tí a fi ń tẹ fọ́tò kò lè gba gbogbo ohun tí nẹ́gátíìfù ní. Ẹni tí ó tẹ ti ara ògiri fẹ́ kí ojú àwọn baba hàn kedere, bí ó ti tọ́. Ó jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá pẹ́ títí wọ́n fi hàn, ìmọ́lẹ̀ kan náà sì gba ibi tí ó fẹ́lẹ́ kọjá púpọ̀púpọ̀, ó sì sun ọ̀dẹ̀dẹ̀ di eérú. Nígbà tí a wá gbé fọ́tò náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé fún ìwé ìrántí, ohun tí ó kù díẹ̀ náà tún sọnù, nítorí àwọn tótòtó kéékèèké ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń ya àwòrán, níbi tí òkùnkùn bá sì wà, tàdáwà a máa dí àárín wọn pa. Báyìí ni àwọn obìnrin kan ṣe kúrò nínú ìtàn ìjọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà àtijọ́ nìkan ni èyí. Nígbà tí fíìmù aláwọ̀ dé, tí ó sì gbilẹ̀ káyé, fọ́tò obìnrin aláwọ̀ funfun kan tí wọ́n ń pè ní Shirley ni ilé-iṣẹ́ Kodak fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọ-fọ́tò láti fi wọn àwọ̀, ojú ènìyàn dúdú sì máa ń jáde bí èédú tí eyín wà nínú rẹ̀. A kà pé àwọn tí ẹjọ́ wọn wọ ilé-iṣẹ́ náà létí jù ni àwọn tí ń ṣe ṣokolétì àti àwọn tí ń ṣe àga àti tábìlì, nítorí pé ṣokolétì dúdú kò yàtọ̀ sí ṣokolétì pupa, igi kan kò sì yàtọ̀ sí igi kejì, nínú fọ́tò tí wọ́n fi ń polówó ọjà. Ó pa wá lẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà kò pa wá lẹ́rìn-ín mọ́, pé igi ni a gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ṣáájú ènìyàn.

Bí ó bá sì kan ti igi, àwa ará apá ìhín mọ ohun tí òjìji ń ṣe lára rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, ẹni tí ó kú ní 1938, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́ láàrin nǹkan bí 1910 sí 1914. Lára ilẹ̀kùn náà ni ó gbẹ́ àbẹ̀wò Kapiténì Ambrose sí, òyìnbó ìjọba tí a gbé wá lórí ibùsùn ìrìnàjò, àti Ògògà tí ó jókòó gbà á ní àlejò. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní 1924. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum fẹ́ rà á, ṣùgbọ́n Ògògà kò ta á: ìtẹ́ tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀. Òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láti ààfin náà sì wà ní Art Institute ìlú Chicago láti 1984. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ igi jìn ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí orí àwọn ère fi yọ síta tí òjìji sì bọ́ sí ẹ̀yìn wọn. Ẹni tí ó bá yára kọjá yóò rí orí. Ẹni tí ó bá dúró títí ojú rẹ̀ fi mọ́ sí òkùnkùn ni yóò rí àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn lè dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ kì í dúró àfi bí a bá pàṣẹ fún un.

Èyí ni a kò mọ̀ nígbà tí a kọ́kọ́ gbé gíláàsì wa lọ sí ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú ńlá, tí a kì yóò dárúkọ. Wọ́n fi sí orí ẹ̀rọ síkánà, wọ́n tẹ bọ́tìnnì kan, wọ́n sì fún wa ní fọ́tò tí ó dàbí ti ara ògiri bí ìbejì: àwọn baba mọ́kànlá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú. A sanwó, a sì padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Àwa tilẹ̀ rò nínú ọkàn wa pé bóyá yèyé ni ó ṣì í gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Ọmọ ìjọ wa kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ni ó là wá lójú. Ó ní, "Baba, ẹ̀rọ yẹn kò fọ́jú, ìkánjú ni ó ń ṣe é." Ó ṣàlàyé pé nígbà tí a bá fi síkánà sílẹ̀ fún ara rẹ̀, yóò wá ibi tí ó dúdú jù àti ibi tí ó funfun jù, yóò sì gé ìkángun méjèèjì sọnù kí àwòrán lè dùn ún wò, ìkángun tí ó gé ni àwọn ìyá wa wà. Ó ní fáìlì tí wọ́n fún wa kò ní ju ìpele 256 lọ láti dúdú dé funfun, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó sì bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ fà á mọ́lẹ̀, yóò ya bí aṣọ gbígbó.

Ohun tí òun ṣe ni èyí. Ó gbé gíláàsì lé orí pákó ìmọ́lẹ̀ funfun, ó di etí rẹ̀ mú láìfọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ojú tí oje wà kọjú sókè sí kámẹ́rà. Ó fi páálí dúdú yí i ká, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ má baà wọ ojú kámẹ́rà. Ó ní ibi tí ó fẹ́lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ àlejò ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá etí gíláàsì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn rí láti ọjọ́ tí a ti ṣe é, ó sì fi ibẹ̀ wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. A rò tẹ́lẹ̀ pé kí òkùnkùn lè hàn, ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ni a nílò. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ti nẹ́gátíìfù yàtọ̀: òjìji ni ó mọ́ jù lórí gíláàsì, bí ìmọ́lẹ̀ bá sì pọ̀ jù, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kún àkúnwọ́sílẹ̀, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ yóò sì di funfun kan náà. A gbọ́dọ̀ fún un ní ìmọ́lẹ̀ títí dé bèbè, kí a sì dúró kí ó tó kún.

(Ti sláìdì aláwọ̀, irú èyí tí àwọn kan nínú ìjọ ní láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ wọn tí ó lọ sí òkè òkun ní àwọn ọdún 1960, òdìkejì èyí ni. Òjìji ni ó ki jù lórí sláìdì. Níbi tí ó bá ki jù, ìmọ́lẹ̀ tí ń kọjá kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Fún irú wọn ni a gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ wò ó pẹ́, kí a sì má ṣe lo ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú, nítorí kò ní í rí nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe èérún.)

Kámẹ́rà ọmọ wa ń ka ìpele 16,384 dípò 256. Síbẹ̀ ó ní ó kù díẹ̀. Níbi òkùnkùn, gbogbo kámẹ́rà a máa fọ́n tótòtó bí iyanrìn sínú àwòrán, ẹni tí kò mọ̀ sì lè pe iyanrìn yìí ní ojú ènìyàn. Nítorí náà ó ya gíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún láìgbé e kúrò ní ojú kan, ó to gbogbo wọn léra, ó sì mú àárín wọn. Iyanrìn kì í ṣubú sí ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí gíláàsì kì í kúrò ní ipò rẹ̀. Báyìí ni iyanrìn náà dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìgbà náà ni ó tó yí dúdú padà sí funfun, tí ó fi àwọn baba wa sílẹ̀ bí wọ́n ti wà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé òjìji nìkan sókè díẹ̀díẹ̀.

Àwa, wọ́dìn méjì, àti ọmọbìnrin yèyé tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó jókòó ti kọ̀ǹpútà náà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun àkọ́kọ́ tí ó hàn ni ẹnu ìkòkò kan, bí òṣùpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Lẹ́yìn náà ni etí aṣọ, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan tí ó di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ọmọ wa ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ojú sì ń jáde kan lẹ́yìn èkejì, kì í ṣe kedere bí ti àwọn baba, ṣùgbọ́n ó tó kí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n dá wọn mọ̀: obìnrin mẹ́fà, àti ọmọdékùnrin kan tí ó fi ìdajì ara pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ẹnìkẹta láti ọwọ́ òsì ni ó ga jù. Ìkòkò náà wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọbìnrin yèyé fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Iwájú orí màmá mi nìyí."

Nígbà tí a ròyìn èyí fún àwọn ọ̀rẹ́ wa, wọ́n sọ fún wa pé a kò dá wà. Ọ̀gbẹ́ni Northcote Thomas, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá láti ṣe ìwádìí àṣà, rìn ká ilẹ̀ Ẹ̀dó ní 1909 sí 1910, ó sì lọ sí ilẹ̀ Ìgbò títí di 1913. Gíláàsì púpọ̀púpọ̀ ni ó kó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2018 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Paul Basu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn fọ́tò náà padà wá sí àwọn ìlú tí a ti yà wọ́n, àwọn ènìyàn sì rí bàbá àti ìyá ńlá wọn. Ní Bìní, fíìmù àti gíláàsì Olóyè Solomon Osagie Alonge, ayafọ́tò ààfin Ọba, ẹni tí ó gbé ayé láti 1911 sí 1994, ti di ohun tí a ń tọ́jú ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣe àfihàn wọn níbẹ̀ ní 2014, wọ́n sì gbé àfihàn náà wá sí Bìní fúnra rẹ̀ ní 2017. Ọmọ Yorùbá pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: Tijani Sitou, ẹni tí a bí ní Ṣakí ní 1932, tí ó lọ sí ilẹ̀ Málì, tí ó sì ya fọ́tò àwọn ará ìlú Mopti títí ó fi kú ní 1999. Nẹ́gátíìfù tirẹ̀ wà lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí Michigan State University àti àwọn ará Málì ti ń dà kọ sínú kọ̀ǹpútà láti 2011. Àwọn ènìyàn náà kò dúró lórí fọ́tò tí a ti tẹ̀; nẹ́gátíìfù ni wọ́n padà lọ bá.

A ó dákẹ́ níbẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ẹni kẹjọ.

Ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí igun gíláàsì ti fọ́, ẹnìkan wà tí a rí etí aṣọ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí orí rẹ̀ yẹ kí ó wà mọ́ gaara. Ọmọ wa fi wé etí gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn rí; méjèèjì dọ́gba. Ó ní, "Baba, níbí, kò sí nǹkan. Ohun tí ìmọ́lẹ̀ kò kọ, a kò lè kà á." Ṣùgbọ́n ìdílé méjì nínú ìjọ ti gbọ́, ìdílé kìíní ní ìyá àwọn ni, ìdílé kejì ní ìyá àwọn ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ìgbìmọ̀ ìjọ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì dùn ún gbọ́.

Láàrin èyí ni ọmọ ìdílé kan tí ó wà ní òkè òkun mú àwòrán náà, ó fi sínú ẹ̀rọ ayárabíàṣá ìgbàlódé kan tí ń fi òye ara rẹ̀ dí ibi tí ó ṣófo, ó sì fi èsì ránṣẹ́ sí wa. Obìnrin arẹwà ni ó wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rọ náà tilẹ̀ kọ ilà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, irú ilà tí a kò rí ní apá ìhín rí. Inú ọ̀pọ̀ nínú ìgbìmọ̀ dùn sí i. Wọ́n ní kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìrántí, ó kúkú lẹ́wà ju ti àwọn yòókù lọ. Àwa kọ̀. Wọ́n bi wá pé ṣé kì í ṣe àwa kan náà ni a ti kọ ẹ̀rí yèyé sílẹ̀ rí nítorí pé fọ́tò kò fi hàn, tí ọ̀rọ̀ sì wá dójú tì wá; kí ló dé tí a tún ń kọ fọ́tò sílẹ̀? Ìbéèrè tí ó le ni, a sì ronú sí i ní alẹ́ mélòó kan.

Ìdáhùn tí a fún wọn ni pé yèyé sọ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un, ìyá rẹ̀ sì dúró níbẹ̀. Ẹ̀rí ni. Ó yẹ kí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ náà, ìbáà ṣe pé fọ́tò fi hàn tàbí kò fi hàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà kò sí níbẹ̀, ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò sì bá a sọ̀rọ̀. Ojú tí ó ṣe jẹ́ àkópọ̀ ojú àwọn àlejò tí a kò mọ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ọdún 50 sí i, àwọn ọmọ wa yóò búra pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá náà rí, kò sì ní í sí agolo bisikíìtì kankan tí yóò já irọ́ wa. Àlùfáà wa dúró tì wá nínú ọ̀rọ̀ yìí, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdílé kan ṣì ń bínú sí wa. A kò dá wọn lẹ́bi.

Gíláàsì náà ti kúrò nínú agolo. Inú ìwé tí kò ní kíkan ni ó wà nísinsin yìí, ó dúró ní ìnàró, kò sùn, nínú àpótí tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kúrò níbi ooru. Fáìlì tí a kò fọwọ́ kàn wà ní ibi mẹ́ta, àkọsílẹ̀ ohun gbogbo tí ọmọ wa ṣe sí i sì wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá dára ju tiwa lè tún un wò. Ẹni tí ó bá ní nẹ́gátíìfù nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ẹ má sì jù ú nù nítorí pé ẹ ní fọ́tò tí a tẹ̀ lára rẹ̀. Bí fíìmù bá ti ń rùn bí ọtí kíkan, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹ tètè gbé e wá.

Ní ojú ewé tí ó kọjú sí èyí ni fọ́tò náà wà, bí a ti rí i nísinsin yìí. Ọ̀rọ̀ tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ nìyí, ó sì rọ́pò èyí tí a kọ nígbà àjọ̀dún ọdún 75: "Ọjọ́ ìpìlẹ̀. Ní iwájú: àwọn baba mọ́kànlá, gẹ́gẹ́ bí a ti dárúkọ wọn tẹ́lẹ̀. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀: obìnrin mẹ́fà tí ó pọn omi tí a fi po amọ̀ ìpìlẹ̀, àti ọmọdékùnrin kan. Mẹ́rin nínú àwọn obìnrin náà ni àwọn ọmọ wọn ti dá mọ̀. Ẹni tí ó bá mọ méjì yòókù kí ó sọ fún àwọn wọ́dìn. Ní ìkángun: ẹnìkan tí ojú rẹ̀ kò sí lórí gíláàsì. Ìdílé méjì ní tiwọn ni."